Obì Kò Dẹ́ṣẹ̀, Kọ́ńgò Ni Ká Wò

  

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lọ́jà wa, ó sì tó àkókò kí á gbé e sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, ká sọ ọ́ ní gbangba, dípò ká máa sọ ọ́ lẹ́yìn ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni pé: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì máa ta obì, orógbó àti ataare? Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ gidi ni, wọ́n ní ọjà òrìṣà ni, pé owó tó bá tibẹ̀ jáde, owó ègún ni. Àwọn míì ní irọ́ ni. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí i, nítorí pé obì ni mò ń tà, ọmọ ìjọ sì ni mí. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo ń san ìdá mẹ́wàá, ọjọ́ Ìsinmi kì í sì í bá mi ní ìsọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bínú.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àríyànjiyàn lásán ni. Oúnjẹ ọmọ ni. Mo mọ obìnrin kan tí ìyá rẹ̀ fi ìsọ̀ obì sílẹ̀ fún. Ìsọ̀ yẹn ló rán òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ níléèwé. Wọ́n wàásù fún un níbi ìsọjí kan pé kó kó gbogbo rẹ̀ dànù, ó sì kó o dànù lóòótọ́, apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà, obì tí kò tíì san owó rẹ̀ tán fún àwọn tó gbé e wá láti oko. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta bisikíìtì, ọjà tí kò mọ ìdí rẹ̀. Kò pẹ́ tí owó fi tán. Gbèsè obì wà lọ́rùn, gbèsè bisikíìtì tún gorí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn olówó dé, ẹni tó wàásù fún un kò sí níbẹ̀. Àwa tí a jọ ń tajà la dá owó jọ. Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ pé wọ́n tún ń sọ fún ẹlòmíràn pé kó da ìsọ̀ rẹ̀ nù, àyà mi a máa já.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí obì jẹ́, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú u, wọn ò mọ̀ ọ́n. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀ lọ́jà: obì àbàtà àti gbànja. Obì àbàtà ló máa ń ní awẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń bọ nǹkan, tí wọ́n ń dà láti fi béèrè ọ̀rọ̀. Gbànja awẹ́ méjì péré ló ní. Òun ni àwọn ará Òkè Ọya fẹ́ràn, tí wọ́n ń pè ní góòrò. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kì í bọ òrìṣà kankan, síbẹ̀ ẹ̀ ń rí wọn tí wọ́n ń pín in fún àlejò níbi ìgbéyàwó àti níbi ìsọmọlórúkọ. Kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó gbànja láti Agége lọ sí Kánò. Ṣé a ó wá sọ pé gbogbo apẹ̀rẹ̀ yẹn, òrìṣà ni wọ́n kó lọ bọ?

Nílé tiwa náà, àlejò dé, wọ́n gbé obì fún un. Bàbá àgbà fẹ́ ṣọ́ òru, ó ju awẹ́ kan sẹ́nu kí oorun má baà gbé e lọ. Ìdílé méjì fẹ́ so yìgì, obì wà nínú ẹrù ìyàwó. Ọmọ tuntun dé, wọ́n gbé oyin, iyọ̀, omi, obì, orógbó àti ataare síwájú, wọ́n fi gbàdúrà pé kí ibi bì lọ, kí ọmọ gbó, kó tọ́, kó bímọ púpọ̀ bí ataare ṣe kún inú ara. Mo ti wà níbi ìkómọjáde tí àlùfáà ìjọ ti gbé orógbó lọ́wọ́, tó ní, "Olúwa, jẹ́ kí ọmọ yìí gbó," gbogbo wa sì ṣe àmín. Ta ni a ké pè níbẹ̀? Ọlọ́run ni. Orógbó kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣí Bíbélì fúnra rẹ̀, torí òun ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá. Nígbà ayé Pọ́ọ̀lù, ìlú Kọ́ríńtì kún fún tẹ́ńpìlì òrìṣà. Ẹran tí wọ́n bá fi rúbọ a máa dé ọjà, ìdààmú sì bá àwọn onígbàgbọ́: àwọn ò mọ èyí tó ti orí pẹpẹ wá àti èyí tí kò tibẹ̀ wá. Ẹ ka Kọ́ríńtì kìíní, orí 10, ẹsẹ 25. Pọ́ọ̀lù ní kí wọ́n jẹ ohun tí wọ́n bá ń tà lọ́jà, kí wọ́n má ṣe máa wádìí kiri nítorí ẹ̀rí ọkàn. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ti Olúwa ni ayé àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó, ọjà ló dárúkọ! Bí ẹran tó ti kan pẹpẹ òrìṣà kò bá sọ ẹni tó rà á di abọ̀rìṣà, báwo ni obì tó ti oko wá tààrà, tí mo fi ewé wé, tí mo ṣa kòkòrò kúrò lára rẹ̀, ṣe máa sọ èmi tí mò ń tà á di abọ̀rìṣà?

Oníṣòwò méjì tún wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì tí mo fẹ́ ká fi wé ara wọn. Ọ̀kan ni Lìdíà, ní orí 16. Ará Tíátírà ni, aṣọ elése àlùkò ló ń tà ní Fílípì. Aṣọ olówó ńlá ni, àwọn ọba Róòmù tó ń rúbọ sí òrìṣà náà ń wọ̀ ọ́. Olúwa ṣí ọkàn Lìdíà, ó gbàgbọ́, ó ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. A ò kà á níbì kankan pé Pọ́ọ̀lù ní kó da aṣọ rẹ̀ sódò. Kàkà bẹ́ẹ̀, ilé obìnrin ọlọ́jà yìí ni wọ́n wọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n padà sí nígbà tí wọ́n jáde lẹ́wọ̀n. Ẹnì kejì ni Dèmétríù, ní orí 19. Alágbẹ̀dẹ fàdákà ni ní Éfésù, ojúbọ òrìṣà ìlú náà ló ń rọ, tó fi ń jẹun. Nígbà tó rí i pé ìwàásù fẹ́ ba ọjà òun jẹ́, ó kó àwọn èèyàn jọ, ó dá ìlú rú.

Ibi tí ààlà wà nìyẹn lójú tèmi. Ohun tí Dèmétríù ń ṣe, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ìbọ̀rìṣà lọ. Aṣọ Lìdíà ní iṣẹ́ tirẹ̀ láyé, ohun tí ẹni tó rà á bá lọ fi ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Èmi kì í gbẹ́ ère tà, n kì í da obì, n kì í fi obì béèrè ohun tí ọ̀la máa bí. Bí wọ́n bá ní kí n wá fi í rúbọ, màá ní rárá, màá sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àmọ́ n kò ní bi oníbàárà mi léèrè pé ibo ló ń gbé obì lọ, bí ẹni tó ń ta ọ̀bẹ kò ṣe lè tẹ̀ lé gbogbo ọ̀bẹ délé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ obì nìkan ni. Wọ́n ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ. Wọ́n ní kí wọ́n má ta àdìrẹ Olókun mọ́, torí orúkọ òrìṣà òkun ló ń jẹ́. Ẹ̀yin aláàdìrẹ, ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín jù. Àwọn ìyá wa tó ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sórí aṣọ kó tó wọ inú aró, ohun tó bá wà láyìíká wọn ni wọ́n ń yà. Wọ́n ya ọwọ̀n Gbọ̀ngàn Mápó sórí èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ṣe àjọ̀dún 25 ọdún lórí ìtẹ́ ní 1935, wọ́n ya òun àti ayaba rẹ̀ sórí àdìrẹ. Ṣé ẹni tó ró aṣọ yẹn ti ń bọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni? Ṣé ẹni tó ró Ìbàdàndùn ń bọ Mápó? Aṣọ ni. Ìtàn wa ló wà lára rẹ̀.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú ìgbàgbọ́ náà ti fi ọ̀nà hàn wá. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, kò fi Àjàyí sílẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá sì ni, ti ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n sọ Bíbélì di Yorùbá fún wa. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò: Ọlọ́run àti Olódùmarè, orúkọ tí àwọn baba wa ti ń pè ni. Àdúrà àti àlùfáà, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ká ní wọ́n ní ohun gbogbo tó ti wà nílẹ̀ kí ìhìn rere tó dé ni kí á dà nù, ọ̀rọ̀ wo ni à bá fi gbàdúrà lónìí?

Mojọlá Agbebi náà wà níbẹ̀, àlùfáà Onítẹ̀bọmi. David Brown Vincent lorúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1894 ló jáwọ́ nínú orúkọ òyìnbó yẹn, tó gba orúkọ ilẹ̀ wa, tó sì ń wọ aṣọ ilẹ̀ wa káàkiri. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ní Abẹ́òkúta, mú ohùn orin ìbílẹ̀ wọ inú orin ìjọ, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí gbogbo ọlọ́jà mọ̀. Ìyàwó àlùfáà ni, ó kàwé dé ìlú òyìnbó, ó sì lè jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú fìlà àti gáùn. Ìró àti bùbá ló yàn, kí àwọn ìyá ọlọ́jà lè mọ̀ pé ọ̀kan náà ni àwọn. Ó kọ́ wọn ní ìwé. Nígbà tí owó orí àwọn obìnrin di ìnira, òun àti ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún wọn jáde ní 1947, wọn ò sì dákẹ́ títí wọ́n fi mú owó orí náà kúrò, tí Aláké ìgbà náà sì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Mi ò rí ẹni tó lè sọ fún mi pé ìró àti bùbá yẹn ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti oríkì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, ọ̀pọ̀ ni kò mọ oríkì ara wọn mọ́. Ìyá wọn ní oríkì lẹ́mìí nínú, kí wọ́n má pè é. Ẹ̀mí wo? Bí mo bá pe ọmọ mi ní Àbẹ̀kẹ́, ohun tí mo sọ ni pé ọmọ tí a bẹ̀ láti kẹ́ ni. Bí mo bá pe èyí ọkùnrin ní Àlàbí tàbí Àkànní, orí rẹ̀ á wú, á dìde lọ ṣe iṣẹ́ tí mo rán an. Bí oríkì ìdílé bá dé ibi tí ọkàn rẹ kò gbà, fò ó, kí o ki ìyókù. Àmọ́ má jẹ́ kí ọmọ dàgbà láìmọ orílẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí a kò kì nílé, ìta ni yóò ti lọ wá ẹni tí yóò yìn ín, kì í sì í jẹ́ ẹni rere ní gbogbo ìgbà.

Mo mọ̀ pé àwọn arábìnrin kan wà tí ọkàn wọn kò balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Róòmù orí 14 sọ fún wa pé kí ẹni tó ń jẹ má kẹ́gàn ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ náà má dá ẹni tó ń jẹ lẹ́jọ́. Ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá ní kó fi obì sílẹ̀, kó fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Kó tà á tán, kó san owó àgbẹ̀, kó kọ́ ọjà tuntun kó tó kó owó lé e. Ìgbàgbọ́ kò ní ká jẹ àgbẹ̀ lówó. Kí ó má sì padà wá sí ìsọ̀ àwa tó kù láti pè wá ní abọ̀rìṣà. Ọjà wa kì í ṣe ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Àlàájà wà níbẹ̀, oníṣẹ̀ṣe wà níbẹ̀, a jọ ń gbálẹ̀ ni, a jọ ń san owó ìsọ̀. Lọ́jọ́ tí iná bá sọ lọ́jà, iná kì í béèrè ibi tí èèyàn ń sìn.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an. Gbogbo ariwo tí wọ́n ń pa lórí obì yìí, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀ lórí kọ́ńgò. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Kọ́ńgò wà lọ́jà wa tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Òmíràn wà tí wọ́n yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní kọ́ńgò méjì, ńlá ni wọ́n fi ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ará oko, kékeré ni wọ́n fi ń tà á fún ìyá ọlọ́mọ. Wọ́n á to tòmátì tó dáa sókè, èyí tó ti rà á wà nísàlẹ̀. Àwọn kan ń da àwọ̀ sínú epo pupa kó lè pọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni NAFDAC ti kìlọ̀ pé àwọ̀ yẹn lè ṣe ara ní jàǹbá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kí ara wọn kú àárọ̀ nínú Olúwa, wọ́n á sì tọ́ka sí ìsọ̀ obì pé ibẹ̀ ni èṣù wà.

Bíbélì kò dákẹ́ lórí èyí. Diutarónómì orí 25 dárúkọ òṣùwọ̀n méjì nínú ilé kan, ńlá àti kékeré, ó ní ìríra ni ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lójú Olúwa. Òwe orí 11 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n èké. Wòlíì Ámósì, ní orí 8, bá àwọn oníṣòwò wí tí wọ́n ń retí kí ọjọ́ ìsinmi tètè kọjá kí wọ́n lè padà sọ́jà lọ dín òṣùwọ̀n kù. Ẹ rí i pé wọ́n ń pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ o! Wọ́n ń lọ síbi ìjọsìn. Òṣùwọ̀n wọn ló bà wọ́n jẹ́.

Àṣà tiwa náà kò sì bá ìgbàgbọ́ jà níbí. Ṣebí àwọn ìyá wa ló kọ́ wa ní èènì. Ẹ ra gàrí kọ́ńgò márùn-ún, ẹ̀kún ọwọ́ kan á tẹ̀ lé e. Ọmọ kékeré gan-an kì í kúrò níwájú ìsọ̀ títí yóò fi ní, "Ìyá, èènì mi dà?" Nígbà tí Jésù fẹ́ sọ bí Ọlọ́run ṣe ń fún ni, ní Lúùkù orí 6, òṣùwọ̀n ló fi ṣe àkàwé, òṣùwọ̀n tó kún débi pé ó ń dà sílẹ̀. Kí ni ìyẹn bí kò bá ṣe èènì? Ẹni tó ń ta obì, tó ka iye rẹ̀ pé, tó mú èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, tó tún fi ọ̀kan ṣe èènì, ó sún mọ́ ìjọba Ọlọ́run ju ẹni tó fi kọ́ńgò lílù ta ìrẹsì Kérésìmesì.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ nìyí. Kí a fi kọ́ńgò kan tó pé sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà, kí gbogbo oníkọ́ńgò gbé tirẹ̀ wá wọ̀n níbẹ̀ kí àkókò ọdún tó dé, Kérésìmesì tàbí Iléyá. Èyí tí kò bá pé, kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí pásítọ̀ tàbí ajíhìnrere bá wá bá wa gbàdúrà àárọ̀ lọ́jà, kí a gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí a sì bẹ̀ ẹ́ kó wàásù lórí òṣùwọ̀n. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ fi ọjà kan sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, kó kọ́kọ́ wá sọ fún ẹgbẹ́, kí a bá a wá ọ̀nà tí kò fi ní jẹ gbèsè. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí mo sọ níjelòó, kó má ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn mọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kọ tirẹ̀ wá, ojú ìwé yìí gba gbogbo wa. Èmi ṣì wà ní ìlà àwọn olóbì. Ẹ wá rà, màá kà á pé, màá sì fi èènì sí i.

Ajé á jẹ́ tiwa, kò ní jẹ́ ajé ẹ̀tàn o. Àṣẹ. Àmín.